Kọ́púrà tó gé lẹ́sẹ̀ fẹ́ fẹ́ dálémosú tó jù ú lọ: ṣé ká dá a dúró ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ ọdún 33 ni, kọ́púrà ni nínú iṣẹ́ ológun. Bọ́ǹbù tí Boko Haram rì mọ́lẹ̀ ló gbé ọkọ̀ wọn fò ní apá Borno, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ó pẹ́ ní ọsibítù ológun ní Kàdúná, màmá wa ló lọ dúró tì í níbẹ̀. Ní báyìí ó ti wà nílé, ní Ìkirè.

Obìnrin kan wà tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì. Ọmọ ọdún 44 ni, ó ti kọ ọkọ, ọmọ mẹ́ta ló bí fún un. Ìsọ̀ rẹ̀ ni àbúrò mi ti máa ń sinmi nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tuntun rìn. Ó ti kúrò ní ìsinmi báyìí o. Ó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Màmá wa ní kì í ṣe lójú ayé òun, pé obìnrin náà ti bímọ tirẹ̀ tán, owó ṣọ́jà ló ń wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù, pé ìlú á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni àkọ́bí, ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò. Ṣé kí n bá wọn dá a dúró ni àbí kí n yẹra? Ẹ má bú mi.

* * *

Mo máa kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo, torí irú ẹjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, orúkọ tọkọtaya tó fẹ́ túká ni mò ń kọ sínú ìwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára àwọn tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kó lọ sí Làìbéríà ní 1990. Ẹsẹ̀ méjì ló gbé lọ, ẹyọ kan ló gbé bọ̀. Dálémosú ló wá fẹ́. Màá dé orí ìyẹn tó bá yá.

Ẹ̀gbọ́n kọ́púrà, ẹ gbọ́ ohun tí màmá yín ń sọ dáadáa. Wọn ò ní obìnrin náà ń bú èèyàn. Wọn ò ní ó ń mutí, wọn ò ní ó ń yan àlè. Owó ṣọ́jà ni wọ́n pè. Ọdún mọ́kànlá tí gbogbo ilé dì mọ́ yìí, gèlè ni wọ́n kàn fi wé orí ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ gèlè ni: owó tó ń wọlé lóṣooṣù, ta ni yóò máa pàṣẹ lé e lórí? Tí ẹ bá ní irọ́ ni, ká ní ọmọbìnrin ọdún 23 ló dé tó ní òun fẹ́ kọ́púrà, tó sì ní kó kó kúrò nílé ìyá rẹ̀ lọ́la, ṣé màmá yín máa jó?

N ò ní kí ẹ gbè é, n ò sì ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ lọ bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan ná: irú ìgbéyàwó wo ló bá ọkọ àkọ́kọ́ ṣe, ibo ni wọ́n sì ti tú u ká? Ẹ bi í léyìí kí ẹ tó bi í bóyá ó ṣì lè bímọ.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń fèsì ti pọ̀ láti àárọ̀ o. Mo ka gbogbo yín.

Ìdajì gbè sẹ́yìn ìyá, wọ́n ní ìyá ni wúrà. N ò bá wúrà jà. Àmọ́ kò sí èyí tó bi kọ́púrà fúnra rẹ̀ léèrè nínú yín, bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gé.

Àwọn Mùsùlùmí àárín wa mú Khadijat wá, pé nínú ìtàn tí àwọn àlùfáà ń sọ, ẹni ogójì ọdún ni, Ànábì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì ti nílé ọkọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ parí ìtàn náà kẹ̀: Khadijat ló lówó, òun ló gba Ànábì síṣẹ́, òun náà ló ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ fi í ṣe àpẹẹrẹ, ẹ lọ jókòó nídìí ìsọ̀ dòdò yẹn ní ọjọ́ kan, kí ẹ wo ẹni tó ń bọ́ ẹnì kejì.

Ẹnìkan mú ààrẹ ilẹ̀ Faransé wá. Brigitte fi ọdún 24 ju Macron lọ, ó ti bímọ mẹ́ta fún ọkọ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ ní 2006, ó sì fẹ́ Macron ní 2007. Ó dáa. Àmọ́ ìyá Macron kì í ná ọjà Ìkirè, kò sí ẹni tó máa bi í nídìí ata pé "ẹ̀yin àti ìyàwó ọmọ yín, ta lẹ̀gbọ́n?" Ìlú kékeré là ń sọ níbí. Ọkọ àná, ìyàwó àná, ìyá ọkọ tuntun, gbogbo wọn lè pàdé níwájú ẹni kan náà tó ń ta ẹran.

Ẹni tó ní kí kọ́púrà ṣọ́ra fún mágùn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ṣeré. Ohun tí mo fojú rí ní kóòtù ni pé ọkùnrin tó bá ti gba owó ìdána rẹ̀ padà ní gbangba, tó tẹ̀ka síwèé, kì í sábà halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ń halẹ̀ ni èyí tí ìyàwó kàn dẹrù jáde nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún un. Nítorí náà ọ̀rọ̀ mágùn yín náà, ẹ̀yìn ìwé ló wà.

* * *

"Obìnrin tó bá ti kó jáde, tí wọ́n ti pín ọmọ, ó ti kọ ọkọ nìyẹn." Ẹni tó kọ èyí, ẹ má fi ti ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́, ẹ jọ̀wọ́.

Ọ̀nà téèyàn gbà wọlé ọkọ ló máa gbà jáde. Bó bá jẹ́ ẹbí ló jókòó, tí wọ́n san owó orí, tí wọ́n gbé iṣu àti oyin kalẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn kóòtù Mápó n'Íbàdàn mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á gbọ́ tẹnu oníkálukú, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ bá ẹbí sọ ọ́ ná, bí kò bá lójútùú wọ́n á tú u ká, wọ́n á sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ máa wà àti iye tí bàbá máa san fún oúnjẹ wọn. Bó bá jẹ́ yìgì ni wọ́n so, tí ọkọ sì kọ ìyàwó, obìnrin á dúró ka nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè gba ọkọ mìíràn.

Rẹ́jísírì ni tirẹ̀ le. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí wọ́n sì fún wọn níwèé ẹ̀rí ìgbéyàwó, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí rẹ̀. Kóòtù Gíga ni, lábẹ́ òfin ọdún 1970. Adájọ́ á dá a, síbẹ̀ kò tíì parí. Oṣù mẹ́ta ló máa fi dúró kó tó di àṣekágbá. Ẹni tó bá lọ ṣe rẹ́jísírì mìíràn kó tó pé, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù. Kì í ṣe pé ọlọ́pàá ń ṣọ́ yín kiri o. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún ni ẹnìkan máa yọ ìwé àtijọ́ síta, ìyàwó tuntun á wá di ẹni tí kò ṣègbéyàwó rárá.

Ìgbà tí mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa pé ìbílẹ̀ làwọn ṣe, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àpótí nílé. Adájọ́ kì í ṣe wòlíì. Wọ́n á tú ti ìbílẹ̀ ká fún wọn, wọ́n á máa lọ tìdùnnú-tìdùnnú, èkejì ṣì wà lọ́rùn wọn gbọnin-gbọnin.

* * *

Obìnrin kan kọ pé: "Kọ́púrà ò wá ìyàwó, nọ́ọ̀sì ló ń wá. Obìnrin náà ò wá ọkọ, ọmọ tó máa tọ́ ló ń wá." Ẹ̀tàlélógún èèyàn ló ti fọwọ́ sí i nígbà tí mo ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún yín.

Nígbà tó dé láti Làìbéríà, ọmọbìnrin tí a ti tọrọ fún un wà nílẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ kó gbogbo ẹrù ìdána padà fún wa, títí kan iyọ̀. Ẹni tó wá fẹ́ níkẹyìn, ẹ̀kọ àti àkàrà ló ń tà lójúde wa. Ó ti kúrò nílé ọkọ, ó sì ju ẹ̀gbọ́n mi lọ dáadáa.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé yẹn a máa yún ẹ̀gbọ́n mi lóru. Kì í ṣe ojú egbò o; ìka ẹsẹ̀ tó ti jẹrà sí Làìbéríà ló ń yún un. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ. Àwa ní tiwa ń ní kó gbàdúrà. Ìyàwó yìí á na ọwọ́ sórí ẹní, níbi tí ẹsẹ̀ náà ì bá wà, á máa fi èékánná họ ẹní náà. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Sókè díẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, níbẹ̀ yẹn." Á sì sùn.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà yìí, kì í fọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń wọ̀ sí kùkùtẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ lò di ọjọ́ kejì láìfọ̀, òógùn ló ń bó awọ ara, bí awọ bá sì ti bó, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á di ohun à ń gbé kọ́ ògiri. Ó fi sílẹ̀ fún un. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fọ̀ ọ́, á rìn. Tí kò bá fọ̀ ọ́, á jókòó sílé. Ní ilé ìyá wa ńkọ́? Ṣe ni wọ́n ń pọnmi ìwẹ̀ fún un, tí wọ́n ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́ fún un, bí ẹni pé eyín ló bá ogun lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo nọ́ọ̀sì, ẹ tún ilé méjèèjì wò, kí ẹ sọ èyí tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe ẹbí nìkan ló ń tọ́jú ẹni tó gbọgbẹ́ lógun. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ní Bọ́mà ní 1944. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, tí kò gbédè rẹ̀, tí kò mọ ìdílé rẹ̀, ló fi í pamọ́, tó ń bọ́ ọ, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ó délé, ó sì dàgbà kí ó tó kú ní 2012. Ọsibítù egungun Ìgbóbì ní Èkó tí ẹ̀ ń lọ yìí náà, ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọsibítù gbogbogbòò ní 1945. Ẹ rán kọ́púrà lọ síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bá ń fò tàbí tó ń ha án. Kùkùtẹ́ ẹsẹ̀ máa ń fọn bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù, ohun tó bá a mu lọ́dún àkọ́kọ́ kì í bá a mu lọ́dún kejì.

* * *

Màmá tó ní ìyàwó ṣọ́jà lòun ní bárékè Òjóò kọ pé ká má gbàgbé orí, pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló gbọgbẹ́. Ẹ ṣeun, màmá. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n kọ́púrà, nígbà tí àwọn ọmọdé ń yin bángà ní Kérésì, níbo ni àbúrò yín wà? Ṣé ó dojú bolẹ̀? Ṣé ó máa ń pariwo lójú oorun? Tó bá wọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí, ṣé ògiri ló máa ń fẹ̀yìn tì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó rí dókítà. Mo mọ ohun tí ìlú máa sọ, wọ́n á ní wọ́n ti gbé e lọ Àrò. Kí wọ́n máa wí. Àrò tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìí, Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954 tí aláìsàn fi ń gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí wọ́n jọ ń dáná, tí ó ń jáde lọ ṣiṣẹ́, tí ó sì ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá a wá wà lára ìtọ́jú náà.

Kí obìnrin náà mọ òru ọkùnrin yìí kó tó wọlé. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nídìí ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lè di ẹlòmíràn ní agogo méjì òru. Kí wọ́n jọ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: tó bá ń pariwo lójú oorun, kó tan iná, kó pè é lórúkọ láti ẹnu ọ̀nà, kó má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tó bá kàn án lè gba ẹ̀ṣẹ́, òun náà ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀ ń yí i po, ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀.

Obìnrin ọmọ ọdún 44 lè lóyún, àmọ́ kò rọrùn mọ́, oyún sì máa ń bàjẹ́ ju ti ọmọdé lọ. Àgbo kan ò yí ìyẹn padà. Kí àwọn méjèèjì lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ọkùnrin náà wò pẹ̀lú, torí bọ́ǹbù kì í mọ sórí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí kọ́púrà dáhùn fúnra rẹ̀: bí kò bá sí ọmọ mọ́, ṣé ó ṣì ń fẹ́ ẹ? Kó dáhùn kí wọ́n tó gbé iṣu.

Torí mo mọ ohun tó wà nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Wọn ò ní sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n máa gbà níkẹyìn, wọ́n á súre, wọ́n á jẹ ìrẹsì, nígbà tó bá di ọdún kejì wọ́n á mú ọmọbìnrin kan wá láti oko, wọ́n á ní "kó ṣáà bá ọ bí ẹyọ kan." Ó ṣẹlẹ̀ níwájú mi lọ́pọ̀ ìgbà, ìyálé á wá bá wa ní kóòtù, ẹkún ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún obìnrin tó bá ju ọkọ lọ pé kó má gba ti ìbílẹ̀ nìkan. Ní rẹ́jísírì, ìyàwó kan ni. Ẹ kọwé sílẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó fún ọjọ́ 21, ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó wá sọ ọ́. Màmá yín náà lè lọ sọ tiwọn. Àmọ́ ẹni ọdún 33 kò nílò àṣẹ ìyá, "ìyàwó dàgbà jù ú lọ" kò sì sí lára ohun tí òfin fi ń dá ìgbéyàwó dúró.

Ẹni tó ní mò ń kó àṣà òyìnbó wọ ilé Yorùbá: ẹ lọ ṣe ìdána nílé bàbá obìnrin náà tán, kí ẹ tó lọ sí rẹ́jísírì. Èwo ni ìjà níbẹ̀?

* * *

Ẹnìkan béèrè bí wọ́n ṣe máa máa pe ara wọn. Ẹ má fi ṣeré, ìjà ńlá ń bẹ níbẹ̀. Bí obìnrin náà bá wọlé yín, ìyàwó ni. Àbúrò yín tó kéré jù, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ọkọ rẹ̀ ni nínú ilé, kò ní pè é lórúkọ. Ẹ̀yin náà ẹ má wá máa pè é ní "mọ́mì" láti fi gún un lára. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti bẹ̀rẹ̀. Ti kọ́púrà ńkọ́, ṣé "ẹ" ni àbí "o"? Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ "ẹ" lójúde, ó ń sọ "o" ní yàrá. Ògiri ilé wa kò nípọn.

Ẹ̀yin ará Gbọ̀ngán tí ẹ gbé àríyànjiyàn dòdò wọ inú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ simi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni, tí awọ rẹ̀ ti dúdú, wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó bá ti dín in fún ọdún mélòó kan, ẹ ó rí àpá epo láti ìka dé ìgúnpá. Ẹni tó fi ọwọ́ yẹn rán ọmọ mẹ́ta níléèwé kí ṣọ́jà kankan tó yọjú, ẹ wá ní owó kọ́púrà ló ń wá. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ iye tí kọ́púrà ń gbà?

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà: gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní la máa ń lẹ àmì mọ́ àyà, wọ́n á fọn kàkàkí, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àwọn akọni, torí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ó dùn ún wò. Ní ọjọ́ 16, ta ló ń bá kọ́púrà di ọ̀pá rẹ̀ mú kó tó gun ọ̀kadà? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà nílùú, ẹ wò ó kí ẹ sọ fún wa.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó.

Bí ṣọ́jà bá wọṣẹ́, ó máa kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù sílẹ̀, ìyá tàbí bàbá ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Bàbá wa ni ẹ̀gbọ́n mi kọ. Bàbá kú, kò lọ yí i. Nígbà tí òun náà kú, orúkọ òkú ló wà nínú ìwé. Ìyàwó rẹ̀ lọ, ó bọ̀. Wọ́n ní kó lọ mú ìwé ìgbéyàwó wá. Iṣu àti oyin nìkan ló wà láàárín wọn, kò sì sí ìwé fún iṣu. Ó búra ní kóòtù, àwa ẹbí lọ jẹ́rìí, wọ́n tún ní kó padà wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà. Àkàrà ló ń dín ní gbogbo ìgbà yẹn, lọ́jọ́ orí tó yẹ kó ti jókòó.

Kọ́púrà, tí ẹ bá ń ka èyí: ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ìgbéyàwó, ẹ gbé e lọ sí yúnìtì yín, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Part Two Order, ìwé tí iṣẹ́ ológun fi ń kéde irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ṣọ́jà, kí orúkọ ìyàwó yín wọ fáìlì. Bí ó bá di pé wọ́n fẹ́ fi àìlera dá yín sílẹ̀, ìgbìmọ̀ dókítà ló máa kọ bí ara ṣe bàjẹ́ tó, ohun tí wọ́n bá kọ ló máa bí owó. Ẹ má lọ ṣe akin níwájú wọn. Tó bá ń dùn yín, ẹ ní ó ń dùn yín, òru tí ẹ kì í sùn náà, ẹ sọ ọ́.

Ìyá ńkọ́? Ìyá tó lọ sun orí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ní Kàdúná kò ní gbà kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ òun lófìfo, èmi ò sì bá wọn wí. Kí kọ́púrà jókòó tì wọ́n, kó dárúkọ iye tí òun á máa fún wọn lóṣù lẹ́yìn ìgbéyàwó, kó dárúkọ ọjọ́ tí yóò máa wọlé. Kó sọ ọ́ lójú obìnrin náà. Ẹ ó rí i bí ọdún mọ́kànlá ṣe máa dín kù.

Ẹni tó ní mo ti sọ ìfẹ́ di ìwé: ìfẹ́ wọn ti wà nílẹ̀ kí n tó débí, kò nílò akọ̀wé.

* * *

LỌ́DỌ̀ ẸNI TÓ BÉÈRÈ

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ bá obìnrin náà lánàá. Mo rò pé á bínú. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde, gbogbo ìwé rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n tú u ká ní 2016, ọkọ náà sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àmọ́ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀, ti 2002. Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun pé ó ṣe pàtàkì. Màmá wa ò tíì gbà, àmọ́ wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi lálẹ́ pé "èló ló tiẹ̀ ní òun á máa fún mi?"

* * *

Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, ẹ má pariwo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ná an.

Ìwé 2002 yẹn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kàn súre, tí wọ́n sì tẹ̀wé ìrántí fún wọn, kì í ṣe ìgbéyàwó òfin, ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ti 2016 sì tó. Bó bá jẹ́ pé Form E, fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó òfin, ló wà lórí rẹ̀, tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, tí ẹlẹ́rìí méjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó di Kóòtù Gíga. Ẹjọ́ náà kò le. Wọn ò gbé pọ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ, òfin sì gbà á láìwo bóyá ọkọ àná fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ náà á ṣe ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n ti pínyà, ẹ má jù ú nù. Bí owó lọ́yà bá wọ́n yín, FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, a máa ran irú wọn lọ́wọ́. Ẹ fi oṣù mẹ́ta kún un lẹ́yìn ìdájọ́ kí ẹ tó débi pátákó rẹ́jísírì.

Kọ́púrà lè lọ kí bàbá obìnrin náà láti ìsinsìnyí, kí ẹ̀yin náà bá a lọ. Ẹ má gbé iṣu dání o, ẹ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì lọ.

Ẹ ya fọ́tò ìwé 2002 yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí ẹ fi bébà bo orúkọ tọkọtaya. Òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà ni mo fẹ́ rí.